Ọjọ́ Tí Mọ́tò Mi Rékọjá Ìlà Eérú

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi lọ́la, ọjọ́ Jímọ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Mo ti dàgbà báyìí, eyín mi ò pé mọ́. Púpọ̀ nínú ohun tí mo ṣe nígbà èwe ni mo ti gbàgbé, èyí tí n kò sì gbàgbé, mo máa ń ṣe bí ẹni pé mo ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yìí, gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀. Ta ni mo fẹ́ purọ́ fún?

Nígbà náà, kò tíì pẹ́ tí àwọn òyìnbó la ọ̀nà mọ́tò gba Ìwó kọjá. Mọ́tò tó wà ní gbogbo agbègbè wa kò ju iye ìka ọwọ́ kan lọ, èmi sì wà lára àwọn ọmọ ìlú tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n wà. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ. Ọ̀gá mi, oníṣòwò ẹ̀kùrọ́, gbé ọkọ̀ akẹ́rù kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n máa fi kó ẹ̀kùrọ́ láti Kúta àti Ilé-Ogbó lọ sí ìdíkọ̀ rélùwéè. Pákó ni wọ́n fi kan ara ọkọ̀ náà. Rọ́bà líle gbagidi ni táyà rẹ̀, irin la fi ń yí i níwájú kó tó jí, fèrè rẹ̀ sì ń ké bíi pẹ́pẹ́yẹ tí èèyàn tẹ̀ nírù. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gẹ fìlà mi, tí mo jókòó sí àyè dírẹ́bà, n kì í rí ẹni tó tó mi mọ́.

Bíréèkì ló tilẹ̀ ń mú orí mi wú jù. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kò sí ẹni tí kò lè mú mọ́tò sáré, nítorí ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe ìyẹn. Ẹni tó bá lè mú un dúró síbi tó wù ú, òun gan-an ni dírẹ́bà. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ tán, màá na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú díẹ̀, kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ọmọbìnrin kan wà tí mo fẹ́ fi ṣe aya, Rábíátù lorúkọ rẹ̀. Òun náà fẹ́ mi. Bàbá rẹ̀, Àfáà Búsàrí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú níwájú ilé rẹ̀, ni kò tíì dá wa lóhùn. Ó ní òun ṣì ń wò mí. Ọdún kan gbáko ló ti ń wò mí, n kò sì mọ ohun tó rí.

Àárín ìgbà yìí ni ọ̀ràn dé. Nígbà tí iléyá ku ọjọ́ mẹ́rin, mọ́tò àjèjì kan tó ń sáré àsápajúdé kọjá ní àdúgbò wa pa àgbò tí Àfáà so mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà. Dírẹ́bà náà ò wẹ̀yìn wò. Àgbò ọ̀hún kú kí wọ́n tó rí ọ̀bẹ, kò sì ṣe é jẹ fún mùsùlùmí mọ́. Awọ rẹ̀ nìkan ni Àfáà rí mú. Ó sá a, ó ha á, ó sì ń jókòó lé e lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ.

Mọ́gàjí, olórí àdúgbò wa, pe àwọn àgbà jọ. Arúgbó tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kí àwọn gbé ìtì igi dí ọ̀nà lẹ́nu ibodè, kí gbogbo mọ́tò máa já ẹrù sílẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn èèyàn sì máa fi orí rù ú kọjá ìlú. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ mi bàjẹ́ nìyẹn. Kí ni dírẹ́bà tí kò lè wọ ìlú ara rẹ̀ máa fi fẹ́ ìyàwó? Mo sáré dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín wọn.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ dírẹ́bà kan jẹ gbogbo mọ́tò níyà," ni mo wí. "Mọ́tò gbọ́ràn. Bí mo bá tẹ bíréèkì tèmi, kì í kọjá ìṣísẹ̀ mẹ́jọ tó fi ń dúró."

Irọ́ kọ́ o. Mo ti wọ̀n ọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo ń rọra bọ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo, mo tẹ bíréèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìṣin kan, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ìdí igi dé ibi tí ọkọ̀ dúró sí. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ géérégé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé mẹ́jọ ni, àfi bí ẹni pé wọ́n kọ ọ́ sára ọkọ̀ láti ìlú òyìnbó.

Àfáà Búsàrí gbé ojú sókè. "Ẹṣin pàápàá, bí a bá fa ìjánu rẹ̀, ó ṣì máa ń rìn díẹ̀ sí i. Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Àfáà."

"Mẹ́jọ?"

"Ẹ jẹ́ ká pè é ní mẹ́wàá, nítorí àwọn tó bá fẹ́ jiyàn."

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, a ó fi eérú fa ìlà sójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni wàá ti tẹ nǹkan rẹ yẹn. Màá tẹ́ awọ àgbò mi sí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá níwájú ìlà. Bí mọ́tò rẹ bá dúró láìkan awọ náà, n kò tún ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìtì igi mọ́." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọ̀rọ̀ kejì tó wà láàárín wa, a ó parí ìyẹn náà lọ́jọ́ ọ̀hún."

Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn! Mo ti rí ara mi lójú ìran pé mo ti di àna Àfáà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pàdé Rábíátù tó ń ti odò bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Kò bá mi yọ̀.

"Lọ́jọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n," ló bi mí, "ṣé ẹrù wà nínú ọkọ̀?"

"Kò sí. Kí ni ẹrù fẹ́ ṣe fún bíréèkì?"

"Tí mo bá ru omi tí mo wá ń sáré, n kì í lè dúró bí ìgbà tí orí mi ṣófo. Omi yẹn á ṣì máa tì mí lọ síwájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wọ̀n kí Jímọ̀ tó pé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní mọ́tò kì í ṣe ìkòkò omi. Ó ní "Ó dáa," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo ti fẹ́ ẹ láti ìgbà náà wá, mo sì ti mọ̀ báyìí pé bí obìnrin yẹn bá ní "Ó dáa" báyẹn, kí n tètè jókòó kí n tún inú rò.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Èmi fúnra mi ni mo yan ibi tí wọ́n fa ìlà sí, nítorí pé èrò máa rí àyè dúró sí lọ́tùn-ún lósì. Mo gbàgbé, tàbí kí n sọ pé n kò ka ìyẹn sí nǹkan kan, pé ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ níbẹ̀ lọ sí etí odò, níbi tí ẹkù àwọn obìnrin wà. Ẹkù ni kòtò ńlá tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn ọ̀pẹ tí wọ́n bá ti sè, kí epo lè jáde. Lọ́jọ́ náà, ẹkù Ìyá Sídíkà, olórí wọn, kún dé ẹnu.

Bí a ṣe kírun tán, òjò wínníwínní kan rọ̀, ó sì dá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó pa eruku. Nígbà tí mo dé ìdí ọkọ̀, mo bá Mọ́gàjí tó ti ń gbìyànjú láti gùn ún.

"Àwa ò ní dúró sẹ́bàá ọ̀nà bí ọmọdé," ló wí. "Ibi tí ọ̀ràn ti ń ṣẹlẹ̀ la fẹ́ wà."

Mo gbé bàbá sókè. Àwọn àgbà tó kù tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀rẹ́ mi náà gòkè, àwọn tí n kò mọ̀ rí gòkè. Nígbà tí mo kà wọ́n, wọ́n jẹ́ méjìlélógún, wọ́n sì jókòó lé orí àpò ẹ̀kùrọ́ mẹ́jọ tí ọ̀lẹ ò jẹ́ kí n já sílẹ̀ láàárọ̀. Ọkọ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí aboyún. Kò bà mí lẹ́rù rárá. Ohun tí mo rò ni pé bí èrò bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ògo mi máa pọ̀ tó.

Mo yí irin, ọkọ̀ jí, a gbéra. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí n rọra lọ, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe lọ lọ́jọ́ tí mo wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n èrò ń hó lẹ́bàá ọ̀nà, Mọ́gàjí sì ń lu pákó lẹ́yìn mi pé, "Ṣé bó ṣe ń rìn nìyí? Ẹsẹ̀ mi pàápàá yá jù báyìí!" Mo bá fún un ní iná sí i. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, fìlà ń yẹ̀ lórí èèyàn, àwọn àgbà ń ṣe "Hẹ̀ẹ̀ẹ̀!" bí ọmọ tó gun ẹṣin lẹ́ẹ̀kíní. Mo rí Rábíátù láàárín àwọn obìnrin. Mo juwọ́ sí i. Kò juwọ́ padà. Iwájú mi ló ń nàka sí.

Nígbà tí mo fi máa wo iwájú, òjò ti fọ ìlà eérú lọ, fífúnfun díẹ̀ ló kù, táyà mi sì ti kọjá lórí rẹ̀.

Mo fi gbogbo ara tẹ bíréèkì. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún bíréèkì náà o: ó ṣiṣẹ́. Ó di àwọn táyà ẹ̀yìn mú ṣinṣin, wọn ò yí mọ́. Ọkọ̀ ni kò dúró. Ó ń yọ̀ lọ lórí amọ̀ pupa bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ilá lójú àpáta. Mo fa bíréèkì ọwọ́ kún un. Táyà tó ti dúró, báwo ni mo tún ṣe fẹ́ mú un dúró? Mo fọn fèrè. N kò mọ ẹni tí mo ń fọn ọ́n fún.

Gbogbo àgbà àdúgbò rọ́ wá síwájú lé mi lẹ́yìn. Ọkọ̀ ń gbìyànjú láti dúró, àwọn ò tíì gbọ́ pé kí wọ́n dúró. Mo rí awọ àgbò tí Àfáà tẹ́ fínnífínní sójú ọ̀nà, mo sì rí Àfáà fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó fò sẹ́yìn pẹ̀lú agbára tí n kò mọ̀ pé ó ní. A gun orí awọ náà kọjá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn wa, ó ń ké tantan pé:

"Ó tún pa á! Àgbò kan náà! Ó tún pa á lẹ́ẹ̀kejì!"

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló kù níwájú wa. Àwọn obìnrin inú ẹkù gbójú sókè, wọ́n rí mọ́tò tó ń bọ̀ tòun ti fèrè, wọ́n sì tú ká bí adìyẹ tó rí àṣá. Ẹkù nìkan ni kò lè sá. Táyà iwájú méjèèjì rì sínú rẹ̀, ọkọ̀ tẹrí ba bí ẹni tó ń kí àgbà, epo pupa ta sókè, ó sì ta padà lé wa lórí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí àwọn èrò mi ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: pọ̀, pọ̀, pọ̀.

Nígbà tí mo nu ojú mi, Mọ́gàjí dúró nínú ẹkù dé ìbàdí, èèpo ẹyìn lórí, agbádá funfun Jímọ̀ rẹ̀ ti di pupa. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ọmọ mi," ló wí ní ohùn jẹ́jẹ́, "ṣé ó ti dúró?"

"Ó ti dúró, bàbá."

"Ìṣísẹ̀ mélòó?"

Dípò kí n ka ìṣísẹ̀, orí èèyàn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ẹnikẹ́ni ò fara pa, yàtọ̀ sí àtàǹpàkò ẹnìkan tó rọ́ àti eyín iwájú mi kan tó mì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òjò ló fà á, pé eérú ò funfun tó, pé èrò ti pọ̀ jù. Ìyá Sídíkà gbá mi létí mú, ó sì fi ọwọ́ kejì nàka sínú ẹkù.

"Òjò ló wa mọ́tò ni?" ló béèrè. "Eérú ló wà á? Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà àwa obìnrin méje nìyẹn, ilẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ!"

Ìdájọ́ àwọn àgbà ò gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi okùn wọ́ ọkọ̀ jáde, wọ́n sì ní kí n máa bá àwọn obìnrin náà tẹ ẹkù ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ títí epo tí mo bàjẹ́ á fi padà. Wọ́n so ọ̀rọ̀ ìtì igi rọ̀ ná. Àfáà ká awọ rẹ̀, ó gbọn amọ̀ orí rẹ̀, ó sì lọ sílé. Ìyẹn dùn mí ju etí tí Ìyá Sídíkà fà lọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi tẹ ẹkù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tí mo fi ń ṣakọ di pupa dé orúnkún, àwọn tó ń lọ sódò á sì dúró wò mí. Wọ́n á ní, "Dírẹ́bà, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ o!" Lọ́jọ́ kẹjọ ni Rábíátù wá jókòó sẹ́nu ẹkù. Kò fi mí rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wọ̀n ọ́n," ló wí.

Ọjọ́ Àlàmísì tó tẹ̀ lé e la lọ, ní ojú ọ̀nà Kúta tó tẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin bá wa lọ, ó jókòó sábẹ́ igi, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọ̀rọ̀ sọ. Igi méjì la fi ṣe àmì. Rábíátù ní kí n rọra wa ọkọ̀ débi pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti igi àkọ́kọ́, kí òun kà dé ogún kí n tó dé ìdí ìkejì, kí n sì tẹ bíréèkì níbẹ̀ bí òun bá ti gbé ìborùn òun sókè. Mo ṣe é. Ọkọ̀ dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́jọ. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣakọ padà.

"Ó yá, ẹ jẹ́ kí n kà dé mẹ́wàá péré," ló wí.

Ìyẹn ni pé kí eré mi di ìlọ́po méjì. Ọkàn mi sọ fún mi pé ọkọ̀ máa dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún, ó sì dá mi lójú. Mo tẹ bíréèkì. Rábíátù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n bọ̀ láti ìdí igi, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń sún mọ́ mi: "...ogún... márùndínlọ́gbọ̀n..." Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kúrú. Mo lọ wọ̀n ọ́n fúnra mi. Méjìdínlọ́gbọ̀n! Eré di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà kó tó dúró sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Lára rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ti lọ kí ẹsẹ̀ mi tó kan bíréèkì rárá, láàárín ìgbà tí ojú rí ìborùn àti ìgbà tí ẹsẹ̀ gbọ́. N kò tiẹ̀ juwọ́ sí ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn o.

A kó àpò ẹ̀kùrọ́ sínú rẹ̀, ó tún jìn sí i. A tún lọ lọ́jọ́ tí òjò rọ̀, ìyẹn ló jìn jù. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ ohun tó ṣe mí ní Jímọ̀: bíréèkì di táyà mú, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò di táyà mú. Mo ti kó eré, ẹrù, omi àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ sójú kan, mo wá ń bẹ ìṣísẹ̀ mẹ́wàá pé kó gbà mí.

Mo lọ bá Mọ́gàjí àti Àfáà, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, n kò yọ ìborùn Rábíátù kúrò níbẹ̀. Wọ́n bi mí léèrè títí. Nígbẹ̀yìn, wọ́n pinnu pé àwọn ò ní dí ọ̀nà. Àmì méjì, tó jìnnà síra bí igi méjì tí a fi wọ̀n ọ́n, ni wọ́n rì mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mọ́tò tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ rọra débi pé èèyàn á ka ogún láàárín wọn, àti ogójì bí òjò bá rọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ jókòó lórí ẹrù. Lẹ́yìn náà ni Àfáà yíjú sí mi.

"Wàyí o, ìṣísẹ̀ mélòó ni mọ́tò rẹ fi ń dúró?"

"Àfáà, n kò mọ̀," ni mo wí. "Ẹ ó kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń sáré tó fún mi, ohun tó rù, àti bí ilẹ̀ ṣe rí."

Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kìíní nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀. Ó ní, "Ọdún kan ni mo ti ń dúró kí o sọ pé o kò mọ nǹkan kan. Ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá."

Bí mo ṣe fẹ́ Rábíátù nìyẹn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo fọ ọkọ̀, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, mo sì ní kí àwọn àgbà wọlé. Mọ́gàjí dúpẹ́ púpọ̀, ó ní afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ dára fún orúnkún òun. Gbogbo wọn yàn láti fi ẹsẹ̀ rìn. Ìyàwó nìkan ló gòkè wá jókòó tì mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà lábẹ́ ìbòjú. Mo rọra wà á débi pé nígbà tí a ó fi dé ilé wa, àwọn àgbà ti débẹ̀, wọ́n ti jókòó, wọ́n ti ń jẹun.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi wakọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, mo sì kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn níṣẹ́. Ohun tí mo kọ́ ni mo fi ń kọ́ wọn: kí wọ́n má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹsẹ̀ tó mọ bíréèkì tẹ̀, àyè tó wà níwájú wọn ni kí wọ́n máa wò. Mo mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa, n kò ní fi ìyẹn pamọ́. Àmọ́ títí di òní, bí mo bá fẹ́ fọ́nnu jù nínú ilé, Rábíátù kì í bá mi jiyàn. Á kàn wo ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, á ní "Ó dáa," èmi náà á sì bú sẹ́rìn-ín kí n tó bọ́ sínú ẹkù mìíràn.